Ajá mi gbọ́ ìpè, ṣùgbọ́n kì í wá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ajá mi ń jẹ́ Simba. Krọ́ọ̀sì ni, ìyá rẹ̀ Alsatian, bàbá rẹ̀ ajá ìbílẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án ló wà. Bí mo bá pè é nínú ilé, ó ti dé kí n tó panu dé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni ṣí géètì báyìí kí mọ́tò wọlé, Simba ti dé ìta. Màá pè é títí ohùn mi á fi há. Á dúró wò mí, á mi ìrù, á tún sún sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wákàtí méjì ni mo fi lé e kiri Àkóbọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn lára. Nígbà tí ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́, mo nà án dáadáa, àtìgbà náà ló sì ti burú sí i. Ọkọ mi ní kí n tà á. Àwọn ará àdúgbò ní ajá tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ajá ìbílẹ̀ lára ò ṣeé kọ́. Ṣé òótọ́ ni?

* * *

Àbúrò mi, má tíì tà á. Ajá tó dúró wò ọ́, tó mi ìrù, tó sì tún sún sẹ́yìn, etí rẹ̀ ò di. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ohun tó máa tẹ̀yìn ìpè yẹn yọ ló ń rò.

Ìwọ náà rò ó wò. Bí o bá pè é nínú ilé, kí ló sábà máa ń bá lọ́wọ́ rẹ? Abọ́ oúnjẹ ni, tàbí kó o fẹ́ fọwọ́ pa á lórí. Bí o bá pè é níta ńkọ́? O gbá a mú lọ́rùn, o wọ́ ọ wọlé, o tì í mọ́ kéèjì, eré parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o tún fi pàṣán lé e. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu rẹ, ṣùgbọ́n ìpè méjì ni Simba ń gbọ́: ìpè oúnjẹ àti ìpè àtìmọ́lé. Ó ń jẹ́ ọ̀kan, ó ń sá fún ìkejì. Ajá tó gbọ́n nìyẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fún ọ ni pé kó o dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, má pè é níta rárá. Bí o bá fẹ́ mú un wọlé, rìn lọ bá a, lóṣòó tì í, fún un ní nǹkan jẹ, rọra mú un, kí ẹ jọ wọlé. Bí o bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, bí dókítà ẹran bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, bí o bá fẹ́ tì í mọ́lé torí àlejò, ìwọ ni kó o lọ bá a níbi tó wà. Má fi ìpè ṣe é. Ìpè gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó máa ń já sí ire fún un lójoojúmọ́, láìyẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá já sí ìyà, ó lè ná ọ ní oṣù kan kó o tó tún un ṣe.

* * *

Mo fẹ́ kó o mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, mo ní ajá kan tó ń jẹ́ Jagun. Ajá ìbílẹ̀ ni, pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun. Ohun tí mo bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú mi lèmi náà ń ṣe nígbà yẹn: bí ajá bá sá jáde, tó bá padà dé, nà án, kó má bàa ṣe é mọ́. Mo na Jagun lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló padà wálé, tó ń fi ikùn wọ́lẹ̀ bọ̀ wá bá mi. Mo ṣì nà án.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti sọdá títì lọ sí òdì kejì. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mo dúró sẹ́nu géètì, mo pè é, ó sì ń bọ̀ o. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí títì, ó dé àárín, ló bá dúró. Etí rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ orí, ìrù rẹ̀ wọ abẹ́ itan, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó. Kì í ṣe ojú mi ló ń wò. Ọwọ́ mi ló ń wò, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Mo tún pariwo orúkọ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Micra kan sì yọ láti kọ̀rọ̀.

N ò ní sọ ìyókù. Awakọ̀ náà dúró, ó bẹ̀ mí títí, kò sì jẹ̀bi ohunkóhun. Èmi ni mo kọ́ ajá mi pé kó máa bẹ̀rù ọwọ́ tó ń pè é.

* * *

Ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ ládùúgbò kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan á ní ajá tí kò bá bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ kò lè gbọ́ràn. Àwọn kan á ní kó o fi ebi pa á di ọjọ́ kejì, á mọ ẹni tó ń bọ́ òun. Àwọn tó kù á ní bí o bá ti ń fi ẹran kọ́ ọ, ọjọ́ tí ẹran ò bá sí, kò ní dá ọ lóhùn.

Ti ẹgba ná. Ìyà tó bá jẹ ajá, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ lásìkò yẹn gan-an ló máa ń so ó mọ́. Kí ni Simba ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó o nà án? Ó ti ju wákàtí méjì lọ tó ti gba ẹnu géètì jáde, ìyẹn ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó ṣe gbẹ̀yìn ni pé ó dúró, ó jẹ́ kó o sún mọ́ òun, ó jẹ́ kó o mú òun. Ohun tó o nà án fún nìyẹn. O kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, ó sì gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé: má jẹ́ kí obìnrin yìí tún mú ọ mọ́.

Ti ebi, n ò gbà á rárá. Ajá tí ebi ń pa, ibi tí oúnjẹ wà ló ń wá, ààtàn tó wà níta sì pọ̀ ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ́ ọ kó tó jẹun àárọ̀ àti kó tó jẹun alẹ́, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń fẹ́ nǹkan.

Ẹ̀kẹta yẹn, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Bí o bá ń ju ẹran lójú rẹ̀ kó o tó pè é, ẹran ló ń jẹ́, kì í ṣe ìwọ. Kọ́kọ́ pè é, kó dé, kí ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àpò jáde. Bí oṣù bíi mélòó kan bá ti kọjá, tí kì í tàsé mọ́, o lè fún un lẹ́ran lónìí, kó o bá a fa àkísà ṣeré lọ́la, kó o kàn yìn ín lọ́tùnla. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì yọwọ́ ẹran kúrò pátápátá lórí ajá kankan rí. Mo mọ àwọn tó ní àwọn ti yọ ọ́. Bí ajá wọn bá rí ewúrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n máa ń padà wá bá mi.

* * *

Ó tún béèrè pé: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ní bí mo bá fi ẹran mọ́ ọn lẹ́nu, olè á ju ẹran onímájèlé wọlé, á sì jẹ ẹ́ kú. Torí ìṣọ́ la ṣe rà á.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mo mọ ilé méjì tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹran tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tó o ti pè é, tó ti sáré dé, tó o ti fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò jọ ẹran tó bá nílẹ̀ lóru. Ẹ̀kọ́ méjì ni, méjèèjì ló sì yẹ kó kọ́. Ọwọ́ rẹ àti abọ́ rẹ̀ nìkan ni kó ti máa jẹun. Má ju oúnjẹ sílẹ̀ fún un, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ju eegun láti ojú wíńdò. Àwọn tí mo rí tí ajá wọn jẹ ẹran olè, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń bọ́ ajá náà, ẹ̀bà tó ṣẹ́kù ni wọ́n sì ń dà sílẹ̀ fún un. Ajá tí ebi ń pa ni májèlé máa ń rí pa.

Sọ fún ọkọ rẹ pé mo kí i, àti pé ajá ìṣọ́ tí kì í wá bí a bá pè é, ewu ni fún onílé. Lọ́jọ́ tó bá dojú kọ ọmọ tó gbé omi wá, tàbí mọ̀lẹ́bí tó wọlé láìkàn géètì, kí ni wọ́n máa fi dá a padà?

* * *

Ó yá, bó o ṣe máa ṣe é nìyí.

Lọ sọ́jà, ra fùkù. Kò wọ́n tó ẹ̀dọ̀, ajá sì fẹ́ràn rẹ̀ jọjọ. Bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i, láìfi ata sí i, láìfi àlùbọ́sà sí i. Àlùbọ́sà léwu fún ẹ̀jẹ̀ ajá, torí náà gbàgbé ọ̀rọ̀ sùyà. Gé e wẹ́wẹ́ kó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, lẹ́yìn náà yan án títí á fi gbẹ, kó má bàa ba àpò aṣọ rẹ jẹ́. Ó máa rùn díẹ̀. Òórùn yẹn gan-an la nílò.

Yan ọ̀rọ̀ ìpè tuntun. “Simba, wá” ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, fi í sílẹ̀. “Wá” alára ò dára tó, torí ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ nínú ilé: wá jẹun, wá gbé e, ta ló wá. Ajá ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Èmi ń lo “bọ̀”, mo máa ń fà á gùn: bọ̀ọ̀ọ̀. Ẹlòmíràn ń lo “kọ́ọ̀mù”. Èdè kì í ṣe ìjà. Kí gbogbo ilé ṣáà lo ẹyọ kan. Bí ìwọ bá ń sọ “bọ̀”, tí ọkọ rẹ ń sọ “kọ́ọ̀mù hía”, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń súfèé, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pálọ̀ lẹ wà. Sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn tó dùn, kí fùkù tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe nǹkan kan, ì báà má ṣe é. Ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, ìgbà mẹ́wàá lálẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ohun tí Ivan Pavlov rí lára ajá ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà náà nìyẹn, ọkùnrin tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 lórí iṣẹ́ tó ṣe nípa bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara: ohun tó bá ń ṣáájú oúnjẹ léraléra, ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ fún un kí oúnjẹ tó dé. A fẹ́ kí itọ́ Simba máa dà fún “bọ̀ọ̀ọ̀”.

Lẹ́yìn náà, máa pè é láti yàrá kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ọgbà, kí géètì wà ní títì. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ọgbà nígbà tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá ti ń bọ̀, má dúró gbọn-in kó o tẹ̀ síwájú lé e lórí, ìyẹn máa ń dẹ́rù bà á. Yí ẹ̀gbẹ́ sí i, lóṣòó, kó o sì fi ọwọ́ òsì kan kọ́là ọrùn rẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀tún tó fún un lẹ́ran. Má fo èyí o. Àwọn ajá kan wà tí wọ́n máa ń wá títí dé ìwọ̀n apá kan, tí wọ́n á wá máa jó yí ọ ká, torí wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ kan ọrùn wọn. Ọwọ́ lọ́rùn ni kó di àmì pé ẹran ń bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó o pè é. Bí kò bá wá, má tún un sọ. Ibi tó o gbé e lọ ló ti le jù fún un, padà sí ibi tó rọrùn. Ẹni tó bá sọ “bọ̀” nígbà méje ti kọ́ ajá rẹ̀ pé ìgbà keje ni wọ́n ń jẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìpè tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni yìí rán mi létí ohun kan nípa orúkọ ajá.

Ẹ mọ̀ bí àwa Yorùbá ṣe máa ń fi ajá pòwe. Ẹnì kan bá aládùúgbò jà, ó sọ ajá rẹ̀ ní Kò-kàn-yín, tàbí Ẹ-fi-mí-sílẹ̀. Ìyá kan ní àdúgbò tí mo ti dàgbà ní ajá kan bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí orogún rẹ̀ bá ti gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, á na ọrùn jáde: “Kò-kàn-yíííín!” Ajá á fò dìde, á sáré wá, kò ní bá nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní wò ó. Láàárín oṣù díẹ̀, bí o bá pariwo orúkọ yẹn sí i létí, kò ní mi irun kan. Wọ́n ní ajá náà ya olórí kunkun. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ná tán sórí ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dùn mí títí dòní, torí ajá tó fẹ́ràn èèyàn ni.

Bí o bá ní ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ sí aládùúgbò rẹ, sọ ọ́ sí i.

* * *

Ìta wá kù, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń kánjú.

Ra okùn tó gùn tó mítà mẹ́wàá, èyí tó fúyẹ́. Má so ó mọ́ ọrùn rẹ̀, bó bá sáré tí okùn fà á lójijì, ọrùn lè dá. Bẹ́líìtì tó gba àyà àti ẹ̀yìn ni kó o so ó mọ́. Má sì wé okùn náà mọ́ ọwọ́ láé. Ajá tó tó kílò márùndínlọ́gbọ̀n bá rí adìẹ, ó lè yọ ìka èèyàn. Jẹ́ kí okùn máa wọ́ nílẹ̀, bó bá ń lọ, fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ọ̀kadà tó pọ̀. Jẹ́ kó gbóòórùn ilẹ̀, jẹ́ kó tọ̀. Bó bá ti yíjú kúrò níbi tó ń gbóòórùn, pè é, kó o sì máa fi ẹ̀yìn sá lọ. Bó bá dé, fùkù mẹ́ta léraléra, yìn ín, lẹ́yìn náà tú u sílẹ̀ kó tún padà sí ibi tó ti ń gbóòórùn. Ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Nínú ìpè mẹ́wàá, jẹ́ kí mẹ́sàn-án parí sí “ó yá, máa lọ ṣeré”. Kò gbọdọ̀ rò pé ìpè ni òpin ìgbádùn òun.

Bó bá já mọ́ ọ lọ́wọ́ kó tó mọ̀ ọ́n, má lé e. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ á máa yún ọ. Ẹsẹ̀ méjì ò lè bá mẹ́rin, eré sì ni lójú rẹ̀, wákàtí méjì tó o fi lé e l’Ákóbọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ tó dùn mọ́ ọn jù láyé rẹ̀, títí dìgbà tí pàṣán dé. Yí ẹ̀yìn padà, sá lọ sí ọ̀nà ilé, kó o máa pàtẹ́wọ́. Bí kò bá tẹ̀lé ọ, jókòó sílẹ̀, kó o máa wa ilẹ̀ bí ẹni tó rí nǹkan. Ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò bó bá fẹ́ràn kó wọ mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ṣe, níwájú àwọn èèyàn.

Géètì yẹn ńkọ́? Kọ́ àwọn ará ilé pé kí wọ́n de ajá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì fún mọ́tò. Kì í ṣe iṣẹ́ ìpè láti máa dí ihò tí ẹ̀dá èèyàn ṣí sílẹ̀.

* * *

Ẹnì kan tó ń gbé ní Cardiff, nílẹ̀ Wales, ní kí n má dá ara mi láàmú, pé kọ́là oníná wà, bí ajá bá ti kọ etí dídi, kó o tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ti ń tà á nílẹ̀ yìí náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Wales tó ń gbé gan-an ti fòfin de lílo kọ́là oníná fún ajá láti ọdún 2010. Bí iná bá mú ajá nígbà tó ń wo ọmọ kan tó gun kẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ náà ló jó òun? Mo ti rí ajá tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu kẹ̀kẹ́ jẹ. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba ará Cardiff yìí: pápá àgùntàn ló wà ní ẹ̀bá ilé rẹ̀, òfin Animals Act ti ọdún 1971 níbẹ̀ sì lè gbèjà àgbẹ̀ tó bá yìnbọn pa ajá tó ń dààmú ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ajá wà lórí okùn nítòsí àgùntàn. Ó parí.

Ó tún béèrè nípa fèrè tí etí èèyàn kì í gbọ́. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1876. Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó: etí tiwa kì í ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ, ti ajá lè dé nǹkan bí 45,000. Ṣùgbọ́n fèrè tí ìwọ fúnra rẹ ò gbọ́, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó dún bákan náà lánàá àti lónìí? Ra fèrè tó o gbọ́. Ohun tí fèrè fi dára ju ohùn lọ ni pé inú kì í bí i. Bí ìbínú bá ti mú ọ, ohùn rẹ á yí padà, ajá á sì mọ̀ kó o tó sọ̀rọ̀ tán.

* * *

Ti pé ajá ìbílẹ̀ ò ṣeé kọ́, ó ń bí mi nínú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ ọdẹ ní Ṣakí. Ajá mẹ́ta ló ní, kò sí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó kankan lára wọn. Ó so ṣaworo mọ́ wọn lọ́rùn kó lè mọ ibi tí wọ́n wà nínú igbó, ó sì ní fèrè ìwo kékeré kan. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wàá gbọ́ ṣaworo látòkèèrè, ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀, tó ń sún mọ́ ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, idán ni mo pè é. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tí ojú mi ń rí lálaalẹ́: kò gbé abọ́ kalẹ̀ fún wọn rí láìkọ́kọ́ fọn fèrè yẹn. Bí wọ́n bá pa ẹran lóko, ó fọn fèrè, kí ìfun tó dé ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, gbogbo wa la ń pa á lówe. Orí ajá la máa ń gbé ẹ̀bi lé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ajá ọdẹ kan lábúlé wọn sọnù, ohun tó béèrè ni pé, “Kí ló máa ń fún un jẹ lẹ́yìn fèrè?”

Ọjọ́ orí Simba sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí náà. Oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ ń gbóná. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí kan tí àwọn ti Yunifásítì Newcastle wà lára wọn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ajá tí wọ́n ń tọ́ láti máa ṣamọ̀nà afọ́jú. Wọ́n rí i pé ní oṣù mẹ́jọ, àwọn ajá náà kì í tètè jókòó bí ẹni tó ń tọ́jú wọn bá ní kí wọ́n jókòó, bó ti wà ní oṣù márùn-ún. Bí àlejò bá sọ ọ́, wọ́n ń gbọ́. Tó bá dàgbà díẹ̀ sí i, á rọlẹ̀. Ìwọ ṣáà má ba ohun tó wà láàárín yín jẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ ajá nílùú wa, tàbí kí wọ́n ṣí géètì fún un pé kó máa lọ.

Kó o tó gbé e jáde lórí okùn, wo káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gún un. Ajá tó ń jáde á pàdé ajá tí kò ní olówó. Bí ajá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o sì gba ọsíbítù lọ lọ́jọ́ náà. Má dúró wo ata àti epo pupa.

* * *

Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn náà, ó padà dé: Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣí géètì, Simba ti dé títì. Mo lóṣòó, mo ní “bọ̀ọ̀ọ̀”. Ó yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, eruku sọ, ó sáré wá kọlu orúnkún mi. Ọkọ mi rí i, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ló bọ fùkù lálẹ́ ọjọ́ náà. Àárọ̀ yìí wá ni, ó pa adìẹ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo pè é. Ó gbé adìẹ náà lẹ́nu wá bá mi, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo fún un ní fùkù. Ìyá náà ní àfi kí n nà án lójú òun.

O ṣeun, àbúrò mi. O ṣeun gan-an ni. Ohun tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí lo ṣe yẹn, n ò sì rí ẹni mẹ́ta tó lè ṣe é. Ó fi ẹran tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ torí ohùn rẹ. Bí o bá nà án lẹ́yìn ìyẹn, nígbà mìíràn á gbé adìẹ gba òdì kejì lọ.

Lọ bá ìyá náà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́, san owó adìẹ rẹ̀ pé. Sọ fún un pé okùn ni Simba máa wà láti òní bí adìẹ bá wà níta, kó o sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láti ọ̀la, máa mú un jókòó lókèèrè níbi tó ti ń rí adìẹ, tí ara rẹ̀ ò tíì gbóná, pè é, fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ó lè gbà tó oṣù méjì. Àwọn ajá kan wà tí kò ní ṣeé fi ọkàn tán nítòsí adìẹ títí ayé wọn, okùn ni tiwọn.

Ohun kan kù. December ń bọ̀. Bí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin bánńgà, má fọkàn tán ìpè kankan, ajá tí ẹ̀rù bá bà kò ní gbọ́ bọ̀, kò ní gbọ́ fèrè. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé ni kó wà, kí rédíò máa sọ̀rọ̀, kí aṣọ rẹ kan wà nílẹ̀ fún un láti sùn lé. Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sára kọ́là rẹ̀ báyìí, má dúró dìgbà náà.

Kó o sì sọ iye tí ìyá yẹn bá gbà lórí adìẹ fún mi, kí n mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ ọ jẹ.